Ọjọ́ Tí Màámi Sọ̀rọ̀ ní Ilé Aṣòfin Annapolis

Kettering, Maryland
Oṣù Èrèlé

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Bùrọ̀dá Ràfíù,

Èmi, Mùjídátù, àbúrò yín tó kẹ́yìn, ni mo fọwọ́ sí lẹ́tà yìí. Mo fọwọ́ sí i lórúkọ Màámi, tí wọ́n jókòó sí apá òsì mi bí mo ti ń kọ ọ́, àti lórúkọ àwọn àgbàlagbà tí wọ́n jọ ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ mọ́sáláṣí wa ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Àwọn àgbàlagbà wọ̀nyí kọ́ ló bí yín, ṣùgbọ́n wọ́n ní ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ sí Màámi kan àwọn náà, wọ́n sì ní kí n da orúkọ àwọn pọ̀ mọ́ ọn. Àlàáfíà Ọlọ́hun kí ó máa bá ẹ̀yin, Àǹtí Kúdí àti Àíṣà gbé ní Houston.

Ìmọ̀ràn òbí fún ọmọ ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà yìí, ẹnu Màámi ló sì ti jáde. Níbi tí ẹ bá ti rí “ìwọ” àti “ọmọ mi”, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rò pé èmi ni mo yájú sí yín, Màámi ni. Níbi tí ẹ bá ti rí “ẹ̀yin”, èmi nìyẹn. Mo ń ka ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan sí wọn létí bí mo bá ti kọ ọ́ tán, wọ́n sì ti ní kí n yọ àwọn ọ̀rọ̀ yunifásítì kúrò níbẹ̀. Mo ti yọ díẹ̀.

A kọ́kọ́ kí yín kú oríire iṣẹ́ tuntun. Nígbà tí ẹ pè láti sọ pé iléeṣẹ́ náà ti fi yín ṣe ọ̀gá lórí àwọn agbaṣẹ́ṣe rẹ̀, Màámi wólẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì wọ́n sì dúpẹ́. Láti ìgbà tí ẹ ti kó kúrò ní Bowie, wọn kì í kírun kan kí wọ́n má dárúkọ yín.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àpòòwé yín dé. Tíkẹ́ẹ̀tì bàálù Màámi wà nínú rẹ̀, àlọ sí Houston ní ìparí oṣù yìí. Kò ní àbọ̀. Nígbà tí mo pè láti bèèrè bóyá wọ́n gbàgbé apá kejì rẹ̀, ẹ ní wọn ò gbàgbé nǹkan kan, pé kí Màámi kó ẹrù wọn tán, kí n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé kékeré tó tó mi. Ẹ ní Àǹtí Kúdí máa bímọ ní ìparí oṣù Igbe, ilé yín sì nílò ìyá àgbà. Ẹ ní Màámi ò ní ohun tí wọ́n ń ṣe níhìn-ín bí mo bá ti lọ síbi iṣẹ́ ju kí wọ́n máa wo yìnyín lójú fèrèsé. Mo ní wọ́n ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní, “Gẹ̀ẹ́sì kẹ̀? Mùjí, ẹni ọgọ́ta ọdún. Ta ni wọ́n fẹ́ bá sọ ọ́?”

Bùrọ̀dá mi, fóònù méjì ló wà nílé wa. Èkejì wà ní yàrá Màámi, ó sì wà létí wọn nígbà tí ẹ ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ó di ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí a jẹun àárọ̀ tán, kí wọ́n tó ní kí n mú bírò àti ìwé wá. Wọ́n ní, “Ẹ̀gbọ́n rẹ bi wá léèrè. Ó yẹ ká dá a lóhùn.”

Màámi ní kí n kọ́kọ́ ròyìn Annapolis fún yín kí wọ́n tó sọ tiwọn, nítorí pé ibẹ̀ ni ìdáhùn sí ìbéèrè yín ti bẹ̀rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọ̀sẹ̀ tí àpòòwé yín dé, Tíṣà kó gbogbo kíláàsì lọ wo Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ wa. Obìnrin adúláwọ̀ ọmọ ilẹ̀ yìí ni Tíṣà, ará Camp Springs, wọ́n sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Wọn kì í ṣe Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n kò sí ìgbà kan tí a ní láti rán wọn létí pé kí wọ́n bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní bí a bá fẹ́ kọ́ èdè tí wọ́n fi ń ṣòfin lé wa lórí, ó yẹ ká lọ gbọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Mo tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́ kí n lè bá wọn lọ gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀. Bọ́ọ̀sì mọ́sáláṣí ló gbé wa.

Inú bọ́ọ̀sì ni Bàbá Gàníyù ti yọ fìlà náà jáde. Ẹ rántí Bàbá Gàníyù, télọ̀ tó rán agbádá ìgbéyàwó yín. Aṣọ òkè aláwọ̀ ayinrin ni wọ́n fi rán fìlà náà, wọ́n sì fi sínú ọ̀rá tó mọ́. Wọ́n ní ti aṣojú àdúgbò wa ni, ẹni tí Tíṣà sọ pé yóò wá kí wa. Gbogbo wa ló gbóríyìn fún wọn, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ wọ ilé ènìyàn pàtàkì lọ́wọ́ òfo. Àlàájà Rábíà nìkan ló ń yẹ fìlà náà wò síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Àlàájà Rábíà ní, “Bàbá Gàní, ẹ ò tíì rí ọkùnrin yìí rí. Báwo lẹ ṣe mọ bí orí rẹ̀ ṣe tó?”

Bàbá Gàníyù ní, “Mo rí fọ́tò rẹ̀ lára ìwé tó há kiri nígbà ìbò.”

“Fọ́tò lẹ wọ̀n?”

“Òṣèlú ni. Mo fi ìka méjì kún un.”

Ẹ̀rín yẹn la rín títí a fi já sójú títì ńlá tó lọ sí Annapolis. Èmi tí mo gboyè nínú ẹ̀kọ́ ìṣèlú jókòó láàárín wọn, mo sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Orí òkè kékeré ni Ilé Aṣòfin wà, àwọn òpópónà tóóró oníbíríkì sì ń gòkè lọ bá a láti ìhà gbogbo. Òrùlé rìbìtì kan wà láàárín rẹ̀ tó rí bí igbá ńlá tí a dojú rẹ̀ dé. Igi ni, láti òkè délẹ̀. Tíṣà ní bí àwọn káfíńtà ìgbà náà ṣe ń so igi mọ́ igi ni wọ́n fi gbé e ró, wọn ò fi ìṣó kàn án. Bàbá Gàníyù gbójú sókè títí ọrùn fi ń dùn wọ́n. Wọ́n ní ẹni tó bá ti rán aṣọ tí ojú òwú rẹ̀ ò hàn níta rí nìkan ló lè mọ ohun tí ojú àwọn káfíńtà náà rí. Màámi fọwọ́ kan ògiri. Wọ́n bi mí bóyá ẹnikẹ́ni lè wọlé báyìí, láìsí ìwé, láìmọ ẹnì kankan níbẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n bi ọlọ́pàá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, nítorí òun ló ń ṣọ́ ibẹ̀. Mo bi í. Ó ní, “Ilé yín ni, Màmá.” Màámi ní Gẹ̀ẹ́sì yẹn kò le, àwọn gbọ́ ọ láìsí ògbufọ̀.

Wọ́n mú wa wọ yàrá àtijọ́ kan. Níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí afinimọ̀nà ti ṣàlàyé, ni ọ̀gágun tó ṣáájú ogun òmìnira ilẹ̀ yìí ti wá dúró níwájú àwọn aṣòfin lẹ́yìn tó ti ṣẹ́gun tán, tó sì dá àṣẹ àwọn ọmọ ogun padà fún wọn. Lẹ́yìn náà ó gun ẹṣin rẹ̀, ó lọ sílé. Màámi fà mí láṣọ. “Ta ló lé e?” Mo túmọ̀ ìbéèrè náà. Afinimọ̀nà ní kò sẹ́ni tó lé e. Bàbá Gàníyù ní kí n tún un bi í, bóyá mi ò túmọ̀ rẹ̀ dáadáa. Mo tún un bi í, ìdáhùn kan náà ló fún wa. Bùrọ̀dá mi, ẹ mọ ilẹ̀ tí a ti wá. Ẹ mọ ìdí tí kò fi sí ẹni tó tètè kúrò ní yàrá yẹn nínú wa.

Tíṣà náà ò jẹ́ kí a rò pé ilé àwọn málàíkà la wọ̀. Wọ́n sọ fún wa, láìgbé ohùn sókè, pé inú ilé yìí kan náà ni wọ́n ti ṣe òfin tó sọ àwọn baba ńlá wọn di ẹrú, dúkìá ẹlòmíràn, àti pé inú rẹ̀ náà ni wọ́n ti wá pa òfin bẹ́ẹ̀ rẹ́. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé. Kò wọ̀ mí lára títí mo fi rí obìnrin tó sọ ọ́ tó dúró sórí ilẹ̀ mábù funfun àti dúdú pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, tó sì ń ka orúkọ aṣojú tó dìbò fún lára ògiri. Mo gbà pé ilé tó bá lè tún ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ ṣe yẹ kó jẹ́ ibi tí ènìyàn ń rọ́ lọ. Màámi ní kí n má yọ gbólóhùn yẹn kúrò, pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ yunifásítì.

Nígbà tí a gòkè sí ibi tí àwọn àlejò ń jókòó sí, a rí àwọn aṣojú nísàlẹ̀, kálukú nídìí tábìlì rẹ̀. Pátákó ńlá kan wà lára ògiri tí orúkọ gbogbo wọn wà lára rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá délẹ̀, olúkúlùkù á tẹ bọ́tìnì, iná á sì tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀: àwọ̀ ewé bó bá gbà, pupa bó bá kọ̀. Màámi fi awò ojú wọn sójú, wọ́n ń ka orúkọ náà wúyẹ́wúyẹ́. Ìbò kan wáyé tí gbogbo pátákó náà di àwọ̀ ewé, àyàfi orúkọ ẹyọ ọkùnrin kan tó pọ́n. Màámi di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń retí ohun tí àwọn tó kù yóò ṣe fún un. Ọkùnrin náà na súwíìtì sí ẹni tó jókòó tì í, ìyẹn gbà á, ó jẹ ẹ́, wọ́n sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Màámi sọ fún Àlàájà Rábíà pé, “Òun nìkan ló kọ̀, súwíìtì rẹ̀ ò sì di májèlé.”

Lẹ́yìn náà ni aṣojú wa jáde wá bá wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹgbẹ́ yín ni lọ́jọ́ orí, ó ga, ojú rẹ̀ sì tutù. Bó ṣe na ọwọ́ sí wọn, Màámi àti Àlàájà Rábíà kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rò pé ẹsẹ̀ wọn yọ̀ lórí mábù ni. Ó sáré dì wọ́n mú, ó ń pe ẹnì kan kó gbé àga wá. Mo ṣàlàyé fún un pé ìkíni wa ni. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun ló yẹ kó kúnlẹ̀ fún wọn, nítorí àwọn ló gbé òun síbi tí òun wà.

Bàbá Gàníyù wá fi ọwọ́ méjèèjì na fìlà náà sí i. Inú rẹ̀ dùn gidi. Ó dé e, ó tún tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí Àlàájà Rábíà ṣe júwe, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì kún fún ẹ̀rín. Lẹ́yìn náà ó bi mí bóyá òun ni wọ́n fún. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ṣí i kúrò lórí jẹ́jẹ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún Bàbá Gàníyù bí Bàbá ṣe fi ọwọ́ méjèèjì fún un, ó ní òun ò lè gbà á.

Ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ láàárín wa. Ẹni tó bá dá ẹ̀bùn rẹ padà ti lé ìwọ náà padà. Bàbá Gàníyù gba fìlà, wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa gbé ọwọ́ sí mọ́. Ẹnì kan lẹ́yìn mi ní bóyá nítorí pé a jẹ́ àlejò ni. Àlàájà Rábíà gbìyànjú àwàdà, wọ́n ní bóyá àwọ̀ rẹ̀ ni kò bá ti ṣòkòtò rẹ̀ mu, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Màámi yí ojú sí ẹnu ọ̀nà.

Ọkùnrin náà rí ojú wọn. Ó ní kí n bá òun sọ ọ́ kó yé wọn dáadáa: “Fìlà náà wù mí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbọ́ ohun tó gbé wọn wá, mo sì fẹ́ kí ẹni tí kò lè rán fìlà náà mọ̀ pé òun lè wọlé wá bá mi.”

Mo túmọ̀ rẹ̀. Màámi ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ọkùnrin náà kọjú sí Màámi, ó sì bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí òun ṣe fún wọn. Mo ti la ẹnu láti dáhùn, nítorí mo mọ ohun tí ó yẹ kí ènìyàn béèrè níbẹ̀ dáadáa ju gbogbo wọn lọ, lójú ara mi. Màámi gbé ọwọ́ lé apá mi. Wọ́n sì sọ̀rọ̀ fúnra wọn, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Wọ́n ní títì kan wà níwájú mọ́sáláṣí wa, ó fẹ̀, mọ́tò inú rẹ̀ kì í dúró. Wọ́n ní bọ́ọ̀sì ń já àwọn sí òdìkejì, kò sì sí iná tó lè dá mọ́tò dúró fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Wọ́n tọ́ka sí Àlàájà Rábíà, wọ́n ní bàtà rẹ̀ bọ́ láàárín títì ní oṣù tó kọjá, mọ́tò sì tẹ bàtà náà pa níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò. Wọ́n ní, “Ẹsẹ̀ wa ti dàgbà. Títì yẹn kò mọ̀.” Gẹ̀ẹ́sì wọn kò gùn, ṣùgbọ́n ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá fẹ́ já wọn kulẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ júwe rẹ̀, wọ́n á sì máa bá tiwọn lọ. Tíṣà fi ọwọ́ bo ẹnu.

Aṣojú náà bi wọ́n ní ìbéèrè púpọ̀: ta ló ń gba ibẹ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé ńkọ́, ìgbà wo ló burú jù. Wọ́n dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá ní ìgbìmọ̀ kan yóò jókòó ní àárín oṣù tó ń bọ̀ lórí irú títì bẹ́ẹ̀. Ó ní òun lè sọ ọ́ fún wọn, ṣùgbọ́n kò ní dà bí ìgbà tí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń gba ibẹ̀. Ṣé Màámi lè wá jókòó sídìí maíìkì, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí? Màámi ní àwọn yóò wá. Wọn ò wo ojú mi kí wọ́n tó dáhùn.

Bàbá Gàníyù dé fìlà náà wálé. Ó tóbi jù wọ́n, ó ń bò wọ́n lójú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti yé wọn, wọ́n ń kọrin nínú bọ́ọ̀sì.

Ìròyìn tèmi parí síbẹ̀. Màámi ló kù.

Ọmọ mi Ràfíù, àkànṣe ọmọ, ẹni tí mo kọ́kọ́ gbé pọ̀n. O ti di ọ̀gá lórí àwọn agbaṣẹ́ṣe. Wọ́n máa gbé nǹkan wá fún ọ. Àwọn ènìyàn wa ni yóò kọ́kọ́ gbé e wá, wọn ò sì ní ro ibi rárá, nítorí bí a ṣe tọ́ wọn nìyẹn. Nígbà tí mo ṣì kéré lọ́jọ́ orí, tí ìwọ ṣì ń rá, ẹ̀rọ omi àdúgbò wa ní Ìbàdàn bàjẹ́. Àwa obìnrin kó ara wa jọ, a fa àgbò lọ fún káńsẹ́lọ̀. Ó gba àgbò, ó ṣàdúrà fún wa. Omi ò dé. Ṣé o mọ ohun tí a wí? A ní àgbò náà ló kéré. A tún lọ fa èyí tó sanra jù ú lọ. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó rò pé omi ni iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún. Ọdún tó pọ̀ ni mo fi ń bínú sí ara mi pé mi ò mọ àgbò rà. Ní Annapolis ni mo tó mọ̀ pé àgbò ò jẹ̀bi. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé e wá, ṣe bí ọkùnrin yẹn: yìn ín, wọ̀ ọ́ wò bó bá jẹ́ aṣọ, fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà, kí o sì jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni náà tán. Bí o bá dá ẹ̀bùn padà tí o ò gbọ́ ọ̀rọ̀, igbéraga lásán lo ṣe.

Èkejì. Má ṣe máa sọ̀rọ̀ fún Kúdí níbi gbogbo. Ọmọdé ni mí nígbà tí mo fẹ́ bàbá rẹ, Ọlọ́hun kí ó tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ó fẹ́ràn mi, ó sì ń bá mi sọ gbogbo ọ̀rọ̀: ní ọsibítù, níwájú onílẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ yín. Mo rò pé ìkẹ́ ni, mo fara mọ́ ọn, mo ń jókòó sẹ́yìn. Nígbà tó kú, mo wọ ọ́fíìsì ilẹ̀, wọ́n ní kí n lọ mú ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ náà wá. Ilẹ̀ tí mo ń gbé. Mùjí ní ìyàwó rẹ kò tíì mọ mọ́tò wà, pé ìwọ lò ń gbé e lọ gbé e bọ̀. Kọ́ ọ ní mọ́tò kí ọmọ tó dé. Bó bá fi mọ́tò kan ògiri, rẹ́rìn-ín, kí o tún kọ́ ọ.

Ẹ̀kẹta ni ìbéèrè tí o béèrè. O ní ta ni mo fẹ́ bá sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ rẹ ni. Nígbà tí ẹ ṣì wà ní Bowie, Àíṣà ń sunkún lọ́jọ́ kan, mo gbé e sórí ẹsẹ̀, ó ń ṣàlàyé ohun tó ń dùn ún fún mi, ó ń ṣàlàyé, ó ń wo ẹnu mi. N kò gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi, ó lọ bá tẹlifíṣọ̀n. Sátidé tó tẹ̀ lé e ni mo lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Tíṣà. N kò sọ fún ọ nítorí n kò fẹ́ kó dà bí ẹni pé mo ń bá ọ wí. Ní báyìí, mo ń bá ọ wí. Mo ti rin apá tèmi lọ́nà náà, pẹ̀lú eyín tó ti ká. Máa sọ Yorùbá sí ọmọ rẹ nínú ilé, kí òun náà lè rìn wá pàdé mi. Bó bá dá ọ lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì, má bínú, má sì dákẹ́.

N kò kọ Houston. Ta ni yóò wẹ ọmọ rẹ bí kò ṣe èmi? Èmi ni n ó tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀, tí n ó fi omi gbígbóná tọ́jú ìyá rẹ̀ títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé, n ó sì fi ayọ̀ ṣe é. Ohun tó dùn mí ni pé o gbé mi bí ẹni gbé àga láti yàrá kan sí òmíràn. Mo ní ibi tí mo ti ń kírun, mo ní ẹgbẹ́, mo ní kíláàsì, mo ní ìdánwò tí a fi ń di ọmọ ilẹ̀ yìí tí mo ń múra fún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo sì ti sọ fún ènìyàn kan pé n ó wá jẹ́rìí. Bí mo bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ, ìyá rẹ ni kó máa bọ̀, pẹ̀lú gbogbo ohun tó jẹ́. Ọlọ́hun kí ó jẹ́ kí iṣẹ́ náà tù ọ́ lára. Kí ó bá mi sọ ìyàwó rẹ kalẹ̀ láyọ̀. Kí ó má jẹ́ kí o rí ohun tí yóò mú ọ tijú lójú ọmọ rẹ.

Èmi Mùjídátù ni mo tún gbà á báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò kọ èyí láti fi yín hàn ní ẹni búburú. Ìfẹ́ ló jẹ́ kí ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì náà, a sì mọ̀. Ṣùgbọ́n lórúkọ Màámi, Bàbá Gàníyù, Àlàájà Rábíà àti gbogbo kíláàsì ọjọ́ Sátidé, ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ yín rèé.

A fẹ́ kí ẹ yí ọjọ́ ìrìnàjò náà padà sí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Igbe, lẹ́yìn tí Màámi bá ti jókòó níwájú ìgbìmọ̀ náà, tí yóò sì ku díẹ̀ kí Àǹtí Kúdí bímọ.

A fẹ́ kí tíkẹ́ẹ̀tì náà ní àbọ̀, kí àbọ̀ náà sì bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí ogójì ọjọ́ bá pé.

A fẹ́ kí ẹ pe Màámi fúnra wọn lórí fóònù, kí ẹ sì sọ ọ́ fún wọn lẹ́nu ara yín. Ẹ má gba ẹnu mi sọ ọ́.

Ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì sọ fún mi pé kò ní í ṣeé yí padà mọ́ bí Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ bá ti kọjá. Nítorí náà, a ń retí ìdáhùn yín kí ìrun Jímọ̀ ọjọ́ náà tó parí. Bí a ò bá gbọ́, Màámi ní kí n dá tíkẹ́ẹ̀tì náà padà sí yín nínú àpòòwé tí ẹ fi ránṣẹ́. Wọ́n ní kí ọkàn Àǹtí Kúdí balẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀, kí ẹ ṣáà gbé omi kaná: bí oṣù Igbe bá dé, àwọn yóò dá lọ sí ibùdókọ̀ ọ̀nà jíjìn, wọn yóò ka orúkọ ìlú yín níwájú bọ́ọ̀sì, wọn yóò sì wọ èyí tó bá ń bọ̀ ní Houston.

Èmi ni tiyín, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,

Mùjídátù,
fún Màámi àti kíláàsì ọjọ́ Sátidé